Bàyọ́lọ́jì tàbí ìṣirò: ibi tí ọ̀nà dókítà àti ọ̀nà ẹnjiníà ti pínyà lórí fọ́ọ̀mù JAMB

Bí àsìkò ìforúkọsílẹ̀ JAMB bá dé, ẹ lọ jókòó sí sẹ́ńtà CBT kan fún wákàtí kan péré, ẹ ó rí ìran wò. Ẹni tó wà nídìí kọ̀ǹpútà á bi ọmọ pé, "Kọ́ọ̀sì wo lo fẹ́?" Kí ọmọ tó la ẹnu, bàbá tó dúró sẹ́yìn rẹ̀ á ti dáhùn: "Medicine ni." Ọmọ á wolẹ̀. Mo ti fojú ara mi rí i ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Mo sì ti rí òdìkejì rẹ̀: ọmọbìnrin kan tó ti ń pe ara rẹ̀ ní dókítà láti kékeré, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ epo rọ̀bì wá ń rọ̀ ọ́ lórí fóònù pé kó gbàgbé ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́, kó wá ṣe ẹnjiníà, pé ibẹ̀ lowó wà.

Gbogbo ariwo yẹn, ọ̀rọ̀ iyì àti owó ni. Fọ́ọ̀mù JAMB kò sì béèrè ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ìbéèrè tirẹ̀ kéré, àmọ́ òun ló ń ti ilẹ̀kùn: nínú Bàyọ́lọ́jì àti ìṣirò, èwo lọmọ yìí máa ṣe?

Ẹ jẹ́ ká tú u wò. Ní India, ìdánwò ọ̀tọ̀ ni ẹni tó fẹ́ ṣe dókítà ń ṣe, NEET ni wọ́n ń pè é. JEE ni ti ẹni tó fẹ́ ṣe ẹnjiníà. Lọ́dọ̀ tiwa ní Nàìjíríà, UTME, ìdánwò JAMB, kan náà ni gbogbo ọmọ ń jókòó fún. Sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ni, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ dandan fún tolórí tẹlẹ́mù. Ẹni tó ń lọ sí Medicine á fi Bàyọ́lọ́jì, Kẹ́mísìrì àti Físíìsì kún un. Ẹni tó ń lọ sí Engineering á fi ìṣirò, Kẹ́mísìrì àti Físíìsì kún un. Ẹ ò rí i pé mẹ́ta nínú mẹ́rin bára mu. Ọmọ méjèèjì ló máa ka ìwé kan náà lórí iná mànàmáná, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ máa bá Kẹ́mísìrì wọ̀yá ìjà. Ọ̀kan ṣoṣo tó kù ló ya ẹni tó máa kọ́ afárá sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó máa ṣe iṣẹ́ abẹ.

Ìbéèrè 60 ni ti Gẹ̀ẹ́sì, 40 ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́ta yòókù. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 180, wákàtí méjì ni wọ́n sì fún wọn. Tí ẹ bá pín in, ìṣẹ́jú àáyá 40 ló bọ́ sórí ìbéèrè kan. Ibí yìí ni ìwà àwọn sọ́bújẹ́ẹ̀tì méjèèjì ti kọ́kọ́ ń hàn. Nínú Bàyọ́lọ́jì, ẹni tó bá mọ ìdáhùn á tẹ̀ ẹ́ kíá, á kọjá lọ; ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kó jókòó tì í di alẹ́, kò ní rí i. Ti ìṣirò ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò rántí fọ́múlà ṣì lè fọgbọ́n wá ọ̀nà gbà, ṣùgbọ́n aago ò dúró dè é. Mo mọ ọmọ tó mọ ìṣirò dénú egungun, tó jẹ́ pé ìbéèrè 25 péré ló dé kí àkókò tó tán, nítorí pé ó fẹ́ kọ gbogbo ìgbésẹ̀ sórí ìwé bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún WAEC. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ìmọ̀ kọ́ ni ìṣòro rẹ̀. Kó lọ fi ìdánwò àtijọ́ kọ́ ọwọ́ rẹ̀ láti yá.

Lẹ́yìn ìdánwò, JAMB gbà kí ọmọ pààrọ̀ kọ́ọ̀sì tàbí yunifásítì tó kọ́kọ́ mú. Ọ̀pọ̀ òbí gbọ́ èyí, ọkàn wọn wá balẹ̀ jù. Kọ́ọ̀sì ṣeé pààrọ̀, máàkì Bàyọ́lọ́jì kò ṣeé sọ di máàkì ìṣirò. Ọmọ tó ṣe Bàyọ́lọ́jì, tí Medicine kò bọ́ sí i, lè yà sí Pharmacy, Nursing, Physiotherapy, Medical Laboratory Science, Biochemistry, Microbiology tàbí iṣẹ́ dókítà ẹranko. Ní ti Civil Engineering, ó di ọdún mìíràn. Èyí tó ṣe ìṣirò lè yà sí Computer Science, Statistics, Físíìsì tàbí Surveying. Kò lè yà sí Nursing.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn òbí pé kí wọ́n má wo kọ́ọ̀sì tó wà lókè nìkan. Ẹ wo àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ bi ọmọ bóyá ó lè fi tayọ̀tayọ̀ ṣe ọ̀kan nínú wọn. Ọmọ tó ní Medicine nìkan lòun fẹ́, tí Nursing ò wù ú, tí yàrá àyẹ̀wò ò wù ú, tí òògùn ò wù ú, ẹ fẹ̀sọ̀ bi í: ṣé aláìsàn lo fẹ́ tọ́jú ni, àbí "Dókítà" tó máa wà níwájú orúkọ ẹ? Kò sí ohun tó burú nínú kí iyì wu èèyàn. Ṣùgbọ́n iyì nìkan ò lè gbé ẹnikẹ́ni la ọdún mẹ́fà kọjá.

Àṣìṣe kan tún wà tí mi ò lè fò dá: "Ọmọ yìí ò mọ ìṣirò, ẹ jẹ́ kó kúkú lọ ṣe dókítà." Wọ́n á máa sọ ọ́ bí ẹni pé Medicine ni ibi tí wọ́n ń sá pamọ́ sí fún ìṣirò. Ìṣirò dúró lẹ́nu ọ̀nà méjèèjì. Nínú WAEC tàbí NECO, ẹni tó fẹ́ ṣe Medicine gbọ́dọ̀ ní kírẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, Bàyọ́lọ́jì, Kẹ́mísìrì àti Físíìsì, ọ̀pọ̀ yunifásítì sì fẹ́ kí márààrún jáde nínú ìjókòó kan ṣoṣo. Tí ẹ bá tún yọ ìṣirò kúrò nínú Físíìsì, kí ló kù níbẹ̀? Tí ọmọ bá ń gba F nínú ìṣirò ní SS2, olùkọ́ ló nílò báyìí. Ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀sì lè dúró ná.

Fún Engineering, Bàyọ́lọ́jì kì í sábà jẹ́ dandan nínú WAEC. Sáyẹ́ǹsì mìíràn lè di àyè karùn-ún. Nítorí náà, ọmọ tó wà ní SS1 tí kò tíì mọ ibi tó ń lọ, kó má tíì ju Bàyọ́lọ́jì sílẹ̀. Tó bá lè gbé Further Mathematics mọ́ ọn, kó gbé e. JAMB ò ní bi í léèrè rẹ̀, àmọ́ òun ni yóò kọ́kọ́ jẹ́ kó tọ́ bí ọdún kìíní ẹnjiníà ṣe máa ń rí lẹ́nu wò. Ọmọ tó gbé méjèèjì dé SS3 ṣì ní àyè láti yí ọkàn padà títí di ọjọ́ tó máa forúkọ sílẹ̀. Ẹni tó já ọ̀kan sílẹ̀ lọ́jọ́ kìíní SS1 torí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ já a sílẹ̀ ti yan iṣẹ́ ayé rẹ̀ láìmọ̀.

Máàkì wá ńkọ́? Lọ́dún 2025, JAMB fi 150 nínú 400 ṣe òdiwọ̀n tó kéré jù fún yunifásítì. Ẹ má fi 150 yẹn lálàá Medicine o. Gbàgede lásán ni, yàrá ṣì wà nínú. Yunifásítì Ìbàdàn, fún àpẹẹrẹ, máa ń fi 8 pín máàkì JAMB, á fi 2 pín máàkì Post-UTME, ìdánwò tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ń ṣe lẹ́yìn JAMB, á wá ro méjèèjì pọ̀. Ọmọ tó gba 240 nínú JAMB ní 30 lọ́wọ́. Tó bá gba 60 nínú Post-UTME, 30 mìíràn nìyẹn, ó di 60. Èyí tó gba 300 ní 37.5, tó bá gba 76 nínú Post-UTME, ó di 75.5. Bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ yàtọ̀ láti yunifásítì sí yunifásítì: àwọn kan ń fi èsì WAEC kún un. Ẹ wádìí ti ibi tí ọmọ yín ń lọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọkàn yín lójú tàbí kí ẹ máa já ara yín kulẹ̀.

Kí ló dé tí Medicine fi há tó bẹ́ẹ̀? Àwọn kan gbà pé yunifásítì ló ń ṣe ojúsàájú. Ohun tí púpọ̀ ò mọ̀ ni pé MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ dókítà àti dókítà eyín, ló ń sọ iye ọmọ tí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kọ̀ọ̀kan lè kọ́. Olùkọ́ àti bẹ́ẹ̀dì tó wà ní ilé ìwòsàn ibẹ̀ ni wọ́n máa ń wò, torí ọmọ 20 ò lè yí aláìsàn kan ká kí gbogbo wọn sì kọ́ṣẹ́. Yunifásítì tó bá gbà kọjá iye tí wọ́n fún un lè rí ìjà MDCN. Engineering ní COREN tiẹ̀, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà, tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n ẹ̀ka rẹ̀ pọ̀: ọmọ tí kò rí Mechanical tàbí Electrical lè rí Agricultural Engineering. Ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń fi ojú tín-ín-rín wo irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀. Mi ò rò pé ó yẹ. Ìṣirò kan náà, ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n jọ ń kọ́ ní ọdún méjì àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ ká ka ọdún báyìí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ kì í kà. Ká ní ọmọ wọlé ní ọmọ ọdún 17, tí kò sì sí ìyanṣẹ́lódì kankan (mo mọ̀, ẹ má rẹ́rìn-ín). Engineering jẹ́ ọdún 5. Ó jáde ní 22, ó sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ní NYSC, ó di 23, ó ti lè máa wá iṣẹ́. Medicine jẹ́ ọdún 6. Ó jáde ní 23, ó ṣe ọdún kan nínú ilé ìwòsàn lábẹ́ àwọn àgbà dókítà, tí wọ́n ń pè ní housemanship, ó di 24. Ó sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀, ó di 25. Ní àkókò yìí, dókítà ni, ó sì ti ń gba owó láti ìgbà housemanship. Ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ di àgbà nínú ẹ̀ka kan, bí iṣẹ́ abẹ tàbí ìtọ́jú ọmọdé, residency ṣì wà níwájú, ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú ìdánwò lórí ìdánwò. Ó ti pé 30, ó kéré tán, nígbà yẹn. Ọmọ tí kò fẹ́ràn ìdánwò, kó gbọ́ èyí lónìí.

Inú ọdún wọ̀nyẹn ńkọ́? Lẹ́yìn ọdún kìíní, ọmọ Medicine á wọ Anatomy, Physiology àti Biochemistry. Òkú èèyàn ni wọ́n ń tú palẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n ń kọ́ orúkọ iṣan àti eegun lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdánwò ńlá kan wà ní ìparí apá yìí. Ẹni tí kò bá yege, tí kò sì yege nígbà tó tún un ṣe, wọ́n lè ní kó lọ kọ́ nǹkan mìíràn. Ẹni tó bá kọjá ibẹ̀ ló ń wọ wọ́ọ̀dù. Ọmọ Engineering ní tirẹ̀, ìṣirò ni yóò máa jẹ, ìṣirò ni yóò máa mu, kí wọ́n tó jẹ́ kó fọwọ́ kan ẹ̀rọ tó nítumọ̀. SIWES ló ń gbà á lọ́wọ́ ìwé, nígbà tí wọ́n bá rán an lọ sí iléeṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà ní ọdún kẹrin. Ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ti máa ń kọ́kọ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ yìí wù wọ́n.

Bí a ṣe máa mọ èyí tó bá ọmọ mu ni ibi tí àgbà máa ń ṣi ojú rẹ̀ mú jù. A máa ń wo àmì tí kò nítumọ̀. Ọmọ tú rédíò, a ní ẹnjiníà ti dé. Ṣé ó tò ó padà? Tí kò bá tò ó padà, aláìnísinmi lásán ló lè jẹ́. Ọmọ rí ẹ̀jẹ̀, òòyì kọ́ ọ, a ní kò lè ṣe dókítà láé. Ọ̀pọ̀ dókítà ló kọ́kọ́ rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ jẹ́ ohun tí ojú máa ń mọ́.

Èmi máa ń lo ọgbọ́n mìíràn. Ẹ wá ìbéèrè Bàyọ́lọ́jì kan tó ṣòro, bóyá lórí bí àwọ̀ ojú ṣe ń ti ara òbí wọ ara ọmọ, àti ìbéèrè ìṣirò tó ṣòro tó bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé méjèèjì fún un, kó kùnà. Ẹ má wo máàkì. Ẹ wo ohun tó ṣe lẹ́yìn tó kùnà. Èwo ló tún padà sídìí rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ pè é? Ọmọ kan wà tó máa ya ìwé, á ní òun ò ṣe mọ́, tó bá tún di aago mẹ́sàn-án alẹ́, ẹ ó bá a níbi tó ti ń ṣírò ìbéèrè yẹn sẹ́yìn ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ mìíràn ò ní bìkítà fún ìṣirò yẹn láé, àmọ́ á wá bi yín lọ́la pé kí ló dé tí ojú òun fi dà bíi ti ìyá àgbà tí kò dà bíi ti màmá òun. Ohun tí ọmọ ń padà sídìí rẹ̀ nígbà tó ti já a kulẹ̀ ni mo gbọ́kàn lé, ju èyí tó ń gba A nínú rẹ̀ lọ.

Ẹ tún jẹ́ kó rí iṣẹ́ náà ní ọjọ́ tí kò dùn. Nínú ìsinmi, kó lọ jókòó sí ilé ìwòsàn kan fún ọjọ́ méjì, kó rí bí dókítà ṣe ń béèrè ìbéèrè kan náà lọ́wọ́ ogójì èèyàn, tí ẹni ogójì sì gbọ́dọ̀ rí irú sùúrù tí ẹni àkọ́kọ́ rí. Kó lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé tàbí ibi tí wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ ṣe, kó rí i pé púpọ̀ nínú iṣẹ́ ẹnjiníà ni kíka àwòrán, ṣíṣírò, àti bíbá kọngílá jà lórí sìmẹ́ǹtì tí kò pé.

Àwọn èèyàn méjì kan máa ń sọ sí mi lọ́kàn tí mo bá ń ro ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́jọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, Nàìjíríà yí ìrìn ọkọ̀ láti apá òsì sí apá ọ̀tún ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ìdarí ọkọ̀ wọn wà lọ́wọ́ ọ̀tún fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀délé Awójọbí, olùkọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ ní Yunifásítì Èkó, tú Opel tirẹ̀, ó gbé ìdarí rẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì. Nǹkan tí kò bá ipò rẹ̀ mu kò lè jẹ́ kó sùn. Ní oṣù keje ọdún 2014, wọ́n gbé arìnrìn-àjò kan tó ti Liberia wá sí ilé ìwòsàn kan l'Ékòó. Dókítà Stella Adadevoh fura pé Ebola ni, àwọn aṣojú ìjọba Liberia ní kó jẹ́ kí ọkùnrin náà máa lọ, ó kọ̀ jálẹ̀. Àrùn náà ló pa dókítà yìí ní oṣù kẹjọ. Ní tirẹ̀, kò sí nǹkan tó tú, kò sí nǹkan tó tò: èèyàn tó wà níwájú rẹ̀ ló wò dáadáa, ó sì dúró lórí ohun tó rí. Èwo nínú ìwà méjèèjì lẹ rí lára ọmọ yín, bó ti wù kó kéré tó?

Ọ̀rọ̀ owó, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Dókítà wà tó ń jìyà, ẹnjiníà wà tó ń wa takisí, àwọn méjèèjì ló sì ń tò ní ọ́fíìsì físà. Ohun tí mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà ni pé dókítà máa ń tètè rí iṣẹ́ àkọ́kọ́, ẹnjiníà sì lè yà kúrò nínú iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí báńkì tàbí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà láìsí wàhálà púpọ̀. Ẹ fi ìyẹn wọ̀n.

Ọmọ tó ní méjèèjì wù òun lóòótọ́ wà pẹ̀lú. Kó mọ̀ pé Biomedical Engineering wà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ tí ilé ìwòsàn ń lò; Yunifásítì Èkó wà lára àwọn tó ń kọ́ ọ. Ìṣirò ni wọ́n sábà ń lò wọ ibẹ̀, kí orúkọ rẹ̀ má tàn yín jẹ.

Tí Medicine kò bá sì bọ́ sí i lọ́dún àkọ́kọ́, kí ni kí a ṣe? Àwọn kan ń gba JUPEB tàbí IJMB lọ, ìyẹn ẹ̀kọ́ ìgbaradì fún yunifásítì, kí wọ́n lè fi Direct Entry wọlé sí ọdún kejì. Àwọn kan ń tún JAMB ṣe. Kò burú kí ọmọ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan. Mo mọ ilé tí ọmọ ti tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹrin, tí àbúrò rẹ̀ ti wọ ọdún kẹta, tí kò sì sí ẹni tó láyà láti sọ pé ó tó. Ẹ jọ dá iye ìgbà rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí inú gbogbo yín ṣì dùn.

Ó ku ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ gan-an. Kí ẹ tó jáde nílé, ẹ wo ojúlé IBASS ti JAMB, ohun tí yunifásítì kọ̀ọ̀kan ń béèrè fún kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀. Kí bàbá jókòó síta sẹ́ńtà, kó jẹ́ kí ọmọ dá ẹni tó ń tẹ kọ̀ǹpútà lóhùn. Tí wọ́n bá tẹ ìwé jáde, kí ọmọ fúnra rẹ̀ ka sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà lórí ẹ̀ sókè kí ẹ tó dìde, torí ọwọ́ ẹni tó ń tẹ kọ̀ǹpútà fún ọgọ́rùn-ún ọmọ lójúmọ́ máa ń ṣi nǹkan tẹ̀.